Òwúrọ̀ Tí A Bá Àwọn Igún Nílẹ̀ ní Abà Olúdé

Ọdún tí ọkọ̀ ojú irin tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mọ́níyà sí Èkó ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má rántí bí ilẹ̀ ṣe di wúrà lójijì ní agbègbè wa nígbà náà. Oko tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè tẹ́lẹ̀ di ohun tí àwọn èèyàn ń gun ọ̀kadà wá wò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá lọ wú ẹ̀gẹ́ lóko rẹ̀ yóò bá àlejò tó wọ bàtà aláwọ dúdú láàárín ebè, tó ń nawọ́ sọ́tùn-ún, tó ń nawọ́ sósì. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Inú ẹgbẹ́ olùkọ́ ni mo ti lo ọ̀dọ́ mi. Mo ti bá wọn yanṣẹ́ lódì, mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà sẹkitéríàtì nínú oòrùn, tajútajú àwọn ọlọ́pàá sì ti wọ̀ mí lójú rí. Mo rò pé kò sí ohun tí ìjà àjùmọ̀jà tún lè fi hàn mí tí yóò yà mí lẹ́nu. Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Abà Olúdé ni abà àwọn ọkọ mi, nínú oko tó wà láàárín Mọ́níyà àti ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Lẹ́yìn abà náà, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà lọ sódò, àràbà ńlá kan wà tí kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó hù. Orí rẹ̀ ni àwọn igún ń sùn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á fò lọ sí ọjà màlúù Akínyẹlé, wọ́n á jẹ ìdọ̀tí tí àwọn alápatà dà nù, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á padà wá. Orí rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yé tí wọ́n ti ń pa.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò fojú kan igún rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, orí páànù ilé ẹ̀kọ́ wa ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á sọ orí kọ́ bí àgbàlagbà tí òtútù mú. A máa ń sọ wọ́n lókò, àwọn àgbà á sì bá wa wí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Nígbà tó yá, a ò rí wọn mọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni wọ́n lọ. Àwa tí a wà ní Abà Olúdé kò tilẹ̀ fura, nítorí pé tiwa ṣì wà lórí igi. A rò pé bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ilé tà ló ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé tó ni í. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ọ̀nà, ó gba ìdí àràbà kọjá, ó sì lọ kan odò. Òfin sì wà pé kí irú ilé rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ó di dandan kí àwọn onímọ̀ yẹ ilẹ̀ náà wò. Wọ́n á wo irú igi àti ẹranko tó ń gbé ibẹ̀ àti ọ̀nà tí omi ń gbà, tí wọ́n bá sì rí ohun tó ti ṣọ̀wọ́n láyé, wọ́n á dá a sí. Ọ̀gá tí ilé-iṣẹ́ náà rán wá, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé, jókòó pẹ̀lú wa níwájú ilé Baálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí a fọkàn balẹ̀.

"Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò," ó wí.

"Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Àwọn onímọ̀ wa ni, Baba."

"Ẹ̀yìn ilé mi ni ọ̀nà oko gbà. Mo ní ajá, kì í sì í jẹ́ kí àlejò kọjá láìgbó. Ìgbà wo ni wọ́n wá?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Baba, ó ṣeé ṣe kí ajá yín ti sùn lọ."

Mo bi í pé kí ni àwọn onímọ̀ náà sọ pé àwọn rí. Ó ní igbó lásán ni, kò sí ẹranko kan tó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Baálẹ̀ kàn gbé ojú sókè, gbogbo wa sì gbé ojú sókè tẹ̀ lé e, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé pẹ̀lú. Àwọn igún ti ń bọ̀ láti ọjà. Wọ́n na apá wọn láìjù ú, wọ́n ń rọra yí po lókè àràbà kí wọ́n tó bà.

"Ìyẹn ńkọ́?" Baálẹ̀ wí.

"Igún? Ẹyẹ tó ń jẹ òkú ni ẹ fẹ́ torí rẹ̀ dá ilé ọ̀pọ̀ èèyàn dúró?"

Ẹnu yà mí gan-an lọ́jọ́ náà. Irọ́ kọ́ ló yà mí lẹ́nu, mo ti gbọ́ irọ́ ìjọba àti ti àwọn olówó rí. Bí ọkàn rẹ̀ ṣe balẹ̀ ni. Ó rí ẹyẹ náà lójú ara rẹ̀, kò sì rò pé ó yẹ kí òun yí ọ̀rọ̀ òun padà.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó dúró jù lọ nínú ìjà náà ni Làmídì. Àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni, oko rẹ̀ wà ní ìdí àràbà gan-an, kò sì sí nínú ilẹ̀ tí wọ́n tà. Òun ló máa ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí abà wa, ohùn rẹ̀ sì lè dé abà kejì. Nígbà tí katapílà kọ́kọ́ dé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti yẹ̀pẹ̀ dí ojú omi tó ń lọ sínú oko rẹ̀, iwájú rẹ̀ ni Làmídì lọ dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú aṣọ oko lọ́rùn. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìpàdé wa tí gbogbo ènìyàn fi rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí a ní wọ́n ń ba oko wa jẹ́, wọn ò gbọ́. Nígbà tí a ní odò yóò gbẹ, wọn ò gbọ́. Ìgbà tí a dárúkọ ẹyẹ ni wọ́n gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa pe ẹyẹ."

A sì ń pe ẹyẹ. Àwọn obìnrin abà gbé àpótí ìjókòó àti ìkòkò wá sójú ọ̀nà tí katapílà ń gbà, a ń dáná níbẹ̀, a ń kírun níbẹ̀. Dípíò, ọ̀gá ọlọ́pàá, wá láti Mọ́níyà pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ dìde lójú ọ̀nà."

"Ta ló yẹ ilẹ̀ yìí wò?" mo bi í.

"Iṣẹ́ tèmi kọ́ nìyẹn, mà."

"Iṣẹ́ tiwa ni."

Ó wò mí títí, ó wo àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn mi, ó wá ní kí dírẹ́bà rẹ̀ gbé ọkọ̀ sí abẹ́ ìbòòji. Inú ọkọ̀ náà ni ó jókòó sí di ìrọ̀lẹ́ láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Mi ò gbàgbé ọkùnrin yẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá dé orí rédíò, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká gbà pé kí ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà kò gbà síṣẹ́ wá yẹ ilẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n dá katapílà dúró. A jó lọ́jọ́ náà.

Obìnrin kan láti yunifásítì ni wọ́n rán wá, Dókítà Adébímpé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni òun àti àkọ́bí mi ìbá jẹ́. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Yóò jókòó sórí ebè pẹ̀lú awò tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà, á máa wo orí àràbà láti ìgbà tí àwọn ẹyẹ bá jí títí wọ́n á fi lọ. Ní òwúrọ̀ kan ó na awò náà sí mi. Mo wò ó, mo rí ìtẹ́ kan tí wọ́n fi ẹ̀ka gbígbẹ dì mọ́ ibi tí igi ti pín, orí kékeré kan sì ń mì nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń pọ oúnjẹ sí i lẹ́nu. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó ń ṣe é.

"Mà," Dókítà wí, "láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ ni mo ti ń wá ìtẹ́ ẹyẹ yìí kiri gbogbo agbègbè Ìbàdàn. Èyí ni mo kọ́kọ́ rí."

Mo ní, "Ìyókù wà níbòmíràn."

"Kò sí níbi tí mo mọ̀. Wọ́n ti fi májèlé pa wọ́n, wọ́n ti pa wọ́n tà fún àwọn tó ń fi wọ́n ṣe oògùn, wọ́n sì ti gé àwọn igi tí wọ́n ń sùn lé. Tí èyí bá lọ, mi ò mọ ibi tí mo tún lè mú yín lọ wò wọ́n."

Mo gbé awò náà lé itan mi. Ojú mi ń rí oko, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mò ń wò. Ẹyẹ tí mo ti ń sọ lókò láti kékeré, tí mo ti kà sí ohun tí kò lè tán bí eṣinṣin, orí igi ẹ̀yìnkùlé wa ni ìyókù rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ náà ni ìjà yẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ oko àti odò nìkan nínú ọkàn mi.

Dókítà sọ fún ìpàdé abà ohun tí yóò gba ìjọba níyànjú. Kí wọ́n má fọwọ́ kan àràbà. Kí wọ́n má kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti odò. Kí àwọn oko tó yí i ká sì máa jẹ́ oko lọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Làmídì nawọ́ sókè.

"Oko tèmi ńkọ́?"

"Oko yín ni yóò máa jẹ́, sà," Dókítà dá a lóhùn. "Kò sí ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ kàn ò ní lè tà á fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé ni."

"Mo gbọ́," Làmídì wí, ó sì jókòó. Orin tí a kọ lẹ́yìn náà, òun ló dá a fún wa bó ṣe máa ń ṣe.

Ìjọba dá ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn yóò wá fi ojú ara wọn rí igi náà kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Àárọ̀ ni wọ́n dé, lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ dáadáa. Dókítà bá wọn wá. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé náà wá. Àwa ará abà wọ aṣọ tó dáa, bí ẹni ń lọ sí Yídì, a sì tẹ̀ lé wọn gba ẹ̀yìn ilé Baálẹ̀.

Ajá Baálẹ̀ ni a kọ́kọ́ bá lójú ọ̀nà. Ó nà gbalaja, ìfófòó wà lẹ́nu rẹ̀. Baálẹ̀ dúró tì í. Ó ní kí a máa lọ níwájú.

Igún àkọ́kọ́ tí mo rí, mo kọ́kọ́ pè é ní agbòòrùn tí ẹnìkan gbàgbé, nítorí bó ṣe la apá sílẹ̀ lórí ebè. Lẹ́yìn náà ni mo rí orí rẹ̀. Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀, mo rí òmíràn, mo sì rí òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n wà nínú oko ẹ̀gẹ́, wọ́n wà láàárín gbòǹgbò àràbà, ọ̀kan há sórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ ń fì. Láàárín wọn ni òkú òbúkọ kan wà tí wọ́n ti jẹ ikùn rẹ̀ tán. N kò gbọ́ ohùn kankan àfi ti eṣinṣin. Ìkan ṣì ń mí. Dókítà kúnlẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀, ó gbé e sórí itan rẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣíji bò ó lójú kí oòrùn má ta sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí ẹyẹ náà fi kú.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìjà ni mo ti fi ẹnu mi jà láti ìgbà ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n mi. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ta ló máa kó wọn nílẹ̀?" Mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Títí di òní n kò mọ ìdí tó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo rí sọ nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ abà ti di Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé mú. Kò jà. Fìlà rẹ̀ ti bọ́, ojú rẹ̀ funfun bí ẹni tí ìbà mú, ó ń sọ pé, "Ẹ gbọ́, mi ò mọ̀ sí i. Mi ò mọ̀ sí i." Ẹnìkan ti fà á láṣọ ya. Òmíràn ní kí wọ́n lọ dáná sun katapílà. Mo sáré bọ́ sáàárín wọn, wọ́n sì fẹ́ẹ̀ tì mí ṣubú. Ìgbà náà ni Làmídì jáde láti ìdí igi. Kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣẹ̀fẹ̀.

"Èmi ni mo gbé òbúkọ yẹn síbẹ̀. Oògùn kòkòrò tí mo fi ń fín oko ni mo fi sí i."

Mo lọ bá a, mo súnmọ́ ọn débi pé mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. "Làmídì, ìwọ tí o dùbúlẹ̀ síwájú katapílà?"

"Èmi náà ni, Ìyá Tíṣà."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí. Ẹ̀yìn mi ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ lẹ́nu ọkọ́, ẹ sì mọ̀. Mo ti bá ẹnìkan sọ ọ́ pé tí ìjà bá parí, tí omi bá padà sínú oko mi, màá ta oko náà fún un, kí n fi ṣí ìsọ̀ kékeré ní Mọ́níyà. Ilẹ̀ yẹn nìkan ni mo ní. Dókítà ní mi ò lè tà á mọ́, gbogbo yín sì pàtẹ́wọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ níṣojú mi." Ó wo ilẹ̀ yí ká. "Mo rò pé ọ̀kan tàbí méjì á kú, ìyókù á sá lọ. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń jùmọ̀ jẹun báyìí."

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mo ti fi òwe yẹn kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò mọ bó ṣe wúwo tó. Ọ̀tá tí mo ti ń ṣọ́ dúró níwájú mi pẹ̀lú aṣọ yíya, kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ẹni tó ń dá orin fún mi ni ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́.

Bí a ṣe dúró síbẹ̀ ni a gbọ́ ohùn kan láti òkè. Tín-ín-rín ni, ó ń dún, ó ń dákẹ́. Dókítà ló kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́. Ọmọ inú ìtẹ́ ni, ebi ti ń pa á. Ẹlẹ́mu kan nínú abà gbé igbà rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n àràbà kì í ṣe ọ̀pẹ. Ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju ohun tí igbà lè yí ká, ẹ̀gún sì kún ara rẹ̀. Dókítà pe yunifásítì kí wọ́n kó àwọn tó mọ igi gíga gùn wá. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀, kí wọ́n tó dé, ilẹ̀ ti ṣú, ó sì ti mọ́. Gbogbo abà ni ó ń gbọ́ ohùn náà. Làmídì náà gbọ́ ọ kí àwọn ọlọ́pàá tó mú un lọ. Nígbà tí àwọn agungi gun òkè dé ìtẹ́, ohùn náà ti dákẹ́. Wọ́n fi aṣọ wé e sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba padà wá. Ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ pé, "Mà, ẹ má bínú, ohun tí òfin fẹ́ dá sí kò sí níbẹ̀ mọ́." Mo ti múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ líle, n kò múra sílẹ̀ de ọ̀rọ̀ tútù yẹn.

Ẹgbẹ́ wa pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ Làmídì. Àwọn kan ní kó jẹrà sí àtìmọ́lé. Èmi àti Baálẹ̀ lọ sí tẹ́ṣàn láti dúró fún un. Lójú ọ̀nà ni mo bi Baálẹ̀ ìdí tó fi ń lọ, nígbà tí ó sin ajá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́ tirẹ̀ kó tó pa wọ́n." N kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ tán nígbà náà. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn tín-ín-rín yẹn létí mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá bi mí ohun tí a rí gbà, màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Àràbà ṣì wà ní ìdúró, bèbè odò sì wà láìsí ilé lórí rẹ̀, nítorí pé Dókítà kò yéé yọ ìjọba lẹ́nu. Ní àwọn abà tó yí wa ká, mo ti rí i pé àwọn onímọ̀ ń dé kí katapílà tó dé, wọ́n sì ń kí baálẹ̀ kí wọ́n tó wọ inú oko. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ohun tí a pàdánù kò ṣeé fi ẹnu sọ tán: ìran ẹyẹ kan parẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé wa láàárín òwúrọ̀ kan, lọ́wọ́ ẹni tiwa. Gbèsè tó kù lọ́rùn ìjọba àti lọ́rùn àwa tí a ń jà ni pé a kò tíì rí ohun tí a máa sọ fún àgbẹ̀ tí a ní kó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyẹ. A ní kó má ta á. A kò sọ ohun tí yóò jẹ.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ọ̀nà-Àrà pè mí pé kí n wá gba àwọn níyànjú lórí igbó kan tí ilé-iṣẹ́ míràn fẹ́ ro. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo igi inú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló ni oko tó wà létí igbó náà. Wọ́n wo ara wọn lójú. Mo ní kí wọ́n lọ jókòó ti onítọ̀hún kí wọ́n tó tún pe ìpàdé míràn. Wọ́n lọ. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ lé wọn ni.

Làmídì ta oko náà níkẹyìn, ilé sì ti wà lórí rẹ̀. Kò pe ìrun mọ́. Ó ń ta sìmẹ́ńtì ní Mọ́níyà, èmi náà sì máa ń gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá tí mo bá lọ ra nǹkan. Ó máa ń dìde dọ̀bálẹ̀ kí mi, á gbé àga fún mi, a ó sì jókòó díẹ̀. Kí n tó dìde ni ó máa ń bi mí, kò sì tíì sí ìgbà kan tí kò bi mí.

"Ìyá Tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lọ sábà, ṣé ẹ ò tíì rí kí ọ̀kan padà wá?"

"N kò tíì rí i, Làmídì."

Á mi orí, á sì bá mi gbé àpò mi dé ẹ̀bá títì.